Láti Dúbáì dé Tókíò lórí Tábìlì Alágbàfọ̀

Aṣọ kan ṣoṣo ni alágbàfọ̀ òpópónà wa jó láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ bá jó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí pákó ló pín ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi ń rán bàtà lápá kan, òun ń lọ aṣọ lápá kejì. Ihò kan wà lára pákó náà, ó tó kí ọwọ́ gbà á kọjá. Ibẹ̀ la fi ń gba iná èédú lọ́wọ́ ara wa. Ibẹ̀ náà la fi ń bú ara wa.

Ìtàn aṣọ tó jó yẹn ni mo fẹ́ sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọkùnrin náà fún yín.

Kò-gbọdọ̀-rún là ń pè é. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá wá gba aṣọ, á gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀, á ní, "Ẹ rọra o. Kò gbọdọ̀ rún." Ó sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ. Ọkùnrin tín-ín-rín ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ ki ju tòsì lọ, áyọ́ọ̀nù ló fà á. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, àkùkọ irin kékeré kan ló di ẹnu rẹ̀ pa. Ẹnìkan ra ti oníná fún un nígbà kan. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó dá a padà. Ó ní kò wúwo, ó dà bí ẹni ń fi ọwọ́ pa ológbò.

Kì í pariwo. Bí inú bá bí i, omi ló máa ń wọ́n sí aṣọ. Á máa wọ́n ọn, á máa wọ́n ọn, títí aṣọ á fi rin gbingbin. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá wọn, ẹ̀ ń lọ̀ ọ́ ni àbí ẹ̀ ń tún un fọ̀?" Nígbà náà lèèyàn á mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún.

Gbogbo alágbàfọ̀ ló ní àmì tó ń fi sí aṣọ, kí aṣọ onílé má bàa bá ti àlejò lọ. Òwú ni Kò-gbọdọ̀-rún fi ń ṣe tirẹ̀. Abẹ́ kọ́là ló ń rán an sí, tàbí inú ìgbànú ṣòkòtò, níbi tí ojú ò tó. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé níwájú wa, òwú pupa méjì ni tirẹ̀. Ti awakọ̀ kan, òwú dúdú tó dábùú ara wọn. Ti ilé tirẹ̀, òwú búlúù kan, gbọọrọ.

Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ kú nígbà tí ọmọkùnrin tó bí fún un ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó fẹ́ òmíràn, ìyẹn bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà délé, ó kó gbogbo aṣọ ọmọ jọ, ó fi òwú búlúù sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní kó wá àmì mìíràn fún ọmọ yìí, kí aṣọ rẹ̀ má bàa pa pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò-gbọdọ̀-rún dáhùn pé, "Kó pa pọ̀. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Ọbàkan ni àwọn ọmọ náà. Ẹ mọ ohun táyé máa ń sọ nípa ọbàkan. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé rẹ̀. Ọmọkùnrin ń pe ìyàwó yẹn ní màmá, obìnrin náà sì ń fún un lẹ́ran tó tóbi ju ti ọmọ tó bí lọ, kí ẹnu ayé má bàa rí ibi gùn lé.

Àwọn ọmọ dàgbà. Ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ lọ. Ó rí iṣẹ́ ní Dúbáì, ní ibi ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Mo bi bàbá rẹ̀ pé, "Ọmọ alágbàfọ̀ wọ bàlúù lọ fọṣọ?"

Ó ní, "Kì í fọṣọ. Maṣíìnì ló ń fọ̀ ọ́. Òun ń pàṣẹ fún maṣíìnì."

Ó ní maṣíìnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì mì lápá kan, tó ń pọ̀ ọ́ lápá kejì ní lílọ̀, ní kíká. Ó sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó sì bà á lẹ́rù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọkùnrin náà lọ. Tókíò ni tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló gbà á.

Bí wọ́n bá bi Kò-gbọdọ̀-rún pé níbo làwọn ọmọ wà, á ní, "Éṣíà ni wọ́n wà." Bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ odò ló máa ń sọ ọ́. Lójú tirẹ̀, àdúgbò kan nínú ìlú òyìnbó ni Éṣíà, ó ní òpópónà, ó ní igun. Ọmọbìnrin á jáde láàárọ̀, á kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mi ò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló tàn án. Ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já, ìlú là ń pè é. Ilẹ̀ tí bàlúù ò lè fi odidi òwúrọ̀ fò já, ìlú náà là ń pè é. A ní ìlú òyìnbó, àfi bíi pé ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo ayé ń gbà wọ̀ ọ́. Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó.

Àní lọ́dún kan, ará òpópónà wa kan ń lọ sí Dúbáì. Kò-gbọdọ̀-rún lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ó lọ̀ ọ́ débi pé ó lè dá dúró. Ó gbé e fún ẹni náà pé, "Ọmọkùnrin mi ló ni ín. Ẹ fún àbúrò rẹ̀. Tó bá ń tibi iṣẹ́ bọ̀, á yà gbà á." Ọmọbìnrin pè é lórí fóònù pé, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ò lè yà gbà á o." Ó ní, "Mo mọ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un." Ṣẹ́ẹ̀tì wà lórí ìkọ́ ní Dúbáì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí àìsàn fi dé.

Ìfun kékeré kan ló wú nínú ọmọbìnrin náà. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n là á nínú. Òun nìkan ni. Ẹni tó jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ló gbé fóònù sí etí rẹ̀ kó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá sunkún títí. Bàbá ò sunkún. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọmọkùnrin rẹ̀ ní Tókíò, ó fi ohùn fóònù sí gbangba torí pé áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ kejì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ihò.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Àbúrò rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù."

"Mo ti gbọ́, sà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní kó o bá a sọ̀rọ̀. Lọ wò ó."

"Bàbá, ó jìnnà."

"Kí ló jìnnà?"

"Dúbáì, sà. Bàlúù ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀."

"Ṣé mo ní kó o fẹsẹ̀ rìn ni? Wọ bàlúù náà. Wákàtí mélòó ni?"

"Ó tó méjìlá, sà, kó dín díẹ̀."

"Ìgbà wo ló ń gbéra?"

"Aago mẹ́wàá alẹ́, níbí."

"Ìgbà wo ló ń balẹ̀?"

"Aago márùn-ún ìdájí, lọ́hùn-ún."

Kò-gbọdọ̀-rún gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Mo ń wò ó. Ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Aago mẹ́wàá sí aago márùn-ún. Méje nìyẹn."

"Rárá, sà. Aago ibí àti aago ibẹ̀ ò dọ́gba."

"Áà. Aago ló ń purọ́. Kì í ṣe ìwọ."

"Bàbá…"

"Tó o bá ń padà ńkọ́? Méjìlá náà ni?"

Ọmọ tí kò mọ irọ́ pa, ìyà ń jẹ ẹ́. Ó ní, "Rárá, sà. Àbọ̀ yá díẹ̀. Ó máa tó mẹ́wàá."

"Ọ̀nà kan náà! Àlọ rẹ̀ méjìlá, àbọ̀ rẹ̀ mẹ́wàá, aago sì ní méje ni. Ṣé rọ́bà ni ọ̀nà yín, tó ń fà tó ń sún?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé n kò rín in.

Ọmọ náà ní wọn ò ní fún òun láyè níbi iṣẹ́, torí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ní ìwé tí òun máa fi wọ Dúbáì náà wà ńbẹ̀, kì í yá.

"Ìwé? Ìwé láti wọ ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ? Éṣíà kan náà lẹ jọ wà!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi."

"Mo ti gbọ́. Ká ní ọmọ ìyá rẹ ni, wàá ti débẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà pẹ̀lú garawa omi. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti fi ogún ọdún lé kúrò nínú ilé, ọkọ náà ló tún fẹnu ara rẹ̀ pè é wọlé.

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Bàbá rẹ̀ pa fóònù.

Omi tó wọ́n sí aṣọ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó tó fi wẹ̀.

Láti ìgbà náà kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà máa ń pè. Bí fóònù bá dún, tí orúkọ rẹ̀ sì yọ, Kò-gbọdọ̀-rún á gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀, á lọ síbi okùn ìsáṣọ. Á máa fọwọ́ kan àwọn aṣọ bóyá wọ́n ti gbẹ. Wọ́n á ti gbẹ láti àárọ̀.

Ṣòkòtò kan wà tí ọmọ náà fi sílẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ kan mo rí bàbá rẹ̀ tó fi abẹ́ tú òwú búlúù kúrò nínú ìgbànú rẹ̀. Kò bínú ṣe é. Bí ẹni ń yọ ẹ̀gún ló ṣe ń ṣe é. Lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, aṣọ tí kò bá ti ní àmì, kò ní ẹni tó ni ín. Ó gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí aṣọ tí wọ́n gbàgbé máa ń wà.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni wá gba bàtà.

"Ẹ bá mi bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbìyànjú."

"Kí ló wí?"

"Ó ní bàtà ni kí n máa rán."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó máa sọ pé bàbá ọmọ ló bínú. Wọ́n á ní ìyàwó tó wá bá ọmọ nílé ló ń ya bàbá àti ọmọ. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn mi. Tí bàbá rẹ̀ bá kú báyìí, ta ló máa gbà gbọ́ pé kì í ṣe èmi?"

Mo fún un ní bàtà ọkọ rẹ̀ tí mo ti tún ṣe, kí ìrìn rẹ̀ má bàa jẹ́ lásán.

Ara ọmọbìnrin yá. Ó bẹ bàbá rẹ̀ títí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò ṣẹ òun. Bàbá ní, "Ọmọdé ni ẹ́. O ò tíì mọ ayé." Ó lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀. Ilé Kò-gbọdọ̀-rún ti rún, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó kàn án.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ wá.

Ó padà wá gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò-gbọdọ̀-rún kò tíì lọ̀ ọ́. Ojú ń tì í. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Àbàwọ́n tó wà lára aṣọ yín ò lọ. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti fi ọṣẹ líle bó o. Ó kọ̀."

"Àbàwọ́n wo?"

Ó na aṣọ náà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì fi ọwọ́ di ìhà mú. Ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó lórí àpótí.

"Bàbá, àwòrán ilẹ̀ ayé nìyẹn! Bí wọ́n ṣe yà á sí i nìyẹn. Àwọ̀ ewé yìí, ilẹ̀ ni. Búlúù, òkun ni."

Èmi náà ti yọjú sí ihò. Mo ní, "Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń fi ọṣẹ bó ilẹ̀ ayé."

"Aránbàtà, pa ẹnu rẹ dé," ni Kò-gbọdọ̀-rún wí. Ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ti tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. "Níbo la wà nínú ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì fi hàn án.

"Dúbáì ńkọ́?"

Ó gbé ìka kúrò níbi tí a wà, ó tẹ̀ ẹ́ síbì kan lápá ọ̀tún. Kò-gbọdọ̀-rún fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Tókíò wá ńkọ́?"

Ìka nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ó ń lọ, ó ń lọ. Ó la ilẹ̀ kọjá, ó la òmíràn kọjá. Kò-gbọdọ̀-rún dá a dúró.

"Ẹ ti kọjá o."

"N kò tíì débẹ̀, bàbá."

"Ẹ ti kọjá Éṣíà."

"Inú Éṣíà la ṣì wà."

Ìka náà rìn títí ó fi kan omi, ó dúró lórí àwọn ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀bá òkun. Ó ní, "Tókíò nìyí."

Nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tó ṣe. Èmi mọ̀.

Kò-gbọdọ̀-rún bi í pé, "Tí bàlúù bá kúrò ní Tókíò ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó dé Dúbáì ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí mélòó ni?"

"Ó sún mọ́ méjìlá."

"Méje ni mo kà."

"Oòrùn ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ kà á dáadáa, bàbá. Tókíò ni oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọ. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ níbẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ṣì jẹ́ ní Dúbáì. Ẹ kà á láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí."

Ó kà á. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé. "Méjìlá," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló dé tí àbọ̀ fi yá ju àlọ lọ?"

"Afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀kan wà lókè pátápátá tó ń fẹ́ lọ sí ọ̀nà Tókíò. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀, ó ń tì í. Ẹni tó ń tibẹ̀ bọ̀, ó ń dojú kọ ọ́."

Ó mi orí. Oòrùn lè ṣòro fún un, afẹ́fẹ́ ò lè ṣòro fún un. Lójoojúmọ́ ló ń ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù lọ síbi okùn, ó mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wúwo bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí èèyàn, ó sì mọ bó ṣe ń yá bó bá ń ti èèyàn lẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà ni. Kì í ṣe rọ́bà.

Ó ní kí nọ́ọ̀sì máa lọ, kó padà wá gba aṣọ lálẹ́.

Ó kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ aṣọ náà. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

"Aránbàtà. Wá wò ó."

Mo yọjú. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù wọn aṣọ, bí ẹni ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ilé. Ó ní, "Láti ọ̀dọ̀ wa níbí dé Dúbáì, áyọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀." Ó sún un. "Láti Dúbáì dé Tókíò, áyọ́ọ̀nù méjì. Ó tún lé."

"Mo rí i."

"Èmi tí mo jókòó síbí, mo sún mọ́ ọmọ yẹn ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà ò sì lọ."

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá dáhùn wọn ti bà wọ́n jẹ́. Mo mú òòlù mi. Mo kan ìṣó kan, mo kan ìkejì, ni òórùn bá gba inú ihò wọlé sí mi.

"Kò-gbọdọ̀-rún! Nǹkan ń jó!"

Ó wà lórí ìdúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ, èéfín ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ gba inú ihò, n kò kàn án. Mo yípo gba iwájú. Kí n tó dé, ó ti gbé e kúrò. Ojú ibẹ̀ ti pọ́n bíi búrẹ́dì, àárín Dúbáì àti Tókíò gan-an.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, Kò-gbọdọ̀-rún kò wá àwáwí. Ó ní, "Mo ti jó ayé yín."

"Níbo lẹ jó níbẹ̀?"

"Àárín àwọn ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Mo rò pé ó ti gbọ́ tinú ilé lẹ́nu ẹnìkan, torí kò tún rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka pa ojú ibẹ̀. Ó ní, "Òkè gíga ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá. Ọmọ mi á rò pé òkè ni." Ó ká a, ó gbé e lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Kò-gbọdọ̀-rún kò sọ fún oníbàárà pé kò gbọdọ̀ rún.

Kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Aago mélòó ni lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n báyìí?"

Obìnrin náà ń fún aṣọ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀. Á ti tibi iṣẹ́ dé."

Ó pè é, ó fi ohùn fóònù sí gbangba.

"Hẹ́lò, màmá?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà ní, "Bàbá. Ẹ káàsán, sà. Ẹ… ẹ káalẹ́, sà." Kò mọ èwo ni kó kí, ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni tàbí ti ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ó jìnnà."

"Kí ni, sà?"

"Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ. Mo wọ̀n ọ́n. Ó jìnnà."

Láti inú fóònù, èmi àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ẹni tó fa imú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó jìnnà."

"Afẹ́fẹ́ sì tún wà níbẹ̀."

"Sà?"

"Lókè. Ó ń dojú kọ ẹni tó bá ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń dojú kọ ọ́."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó pa fóònù. Bí bàbá ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí ju ìyẹn lọ, kò mọ bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ sọ tí wọ́n kọ̀ fún un, ó dá a padà fún un bó ṣe gbà á.

Ìyàwó rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ wàyí. Ó ní gbogbo òru tí ọmọbìnrin náà fi wà ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é, kò sì pa fóònù. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ọmọbìnrin náà, kó lè máa gbọ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Bí àbúrò bá jí, á pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á dáhùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, á gba ibi iṣẹ́ lọ láìsùn.

Kò-gbọdọ̀-rún ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Okùn ìsáṣọ?"

Ó gbà. Kò wọ́n omi sí nǹkankan.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà pè lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá rẹ̀ ló gbé e.

"Bàbá, wọ́n ti fún mi láyè níbi iṣẹ́. Ìwé mi náà ti jáde. Mò ń lọ wo àbúrò mi."

"Mi ò ní kó o lọ o."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ tó gbéra, ọ̀sán ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò-gbọdọ̀-rún ò ṣe nǹkan gidi kan. Ó sá aṣọ, ó ká a, ó tún un sá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń fẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn ń gbọ́n apá lórí okùn. Ó bi mí bóyá bó ṣe ń fẹ́ nílẹ̀ náà ló ń fẹ́ lókè. Mo ní bàtà ni mò ń rán. Ó ní èèyàn burúkú ni mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwòrán ti wà lórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò tíì wẹ gèlè. Àwọn méjèèjì ló wà nínú yàrá kékeré kan. Ọmọkùnrin ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọjọ́sí. Ó ti sanra, bọ́tìnnì rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ ṣí kọ́là ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè kí á lè rí abẹ́ rẹ̀. Òwú búlúù kan, gbọọrọ.

Kò-gbọdọ̀-rún wò ó títí. Ó gbé e fún mi, ó gbà á padà, ó tún wò ó.

Ó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe rún un."

Òótọ́ ni. Wọ́n ti dì mọ́ra wọn lórí ṣẹ́ẹ̀tì náà, àyà rẹ̀ ti rún wómúwómú. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rún." Ó ní, "Ṣé mo sọ pé kó má rún ni?"

Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ṣòkòtò tó kọ́ síbẹ̀ wá. Ó wá òwú búlúù, ó rí i. Ó wá abẹ́rẹ́, tirẹ̀ ti ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ihò.

"Aránbàtà, yá mi ní abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ bàtà lèyí. Ó máa dá ihò ńlá sí ṣòkòtò yẹn."

"Kó dá a sí i. Ṣáà jẹ́ kó le."